Ọ̀pá gọ́ọ̀fù tí kò bá ara mu: Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti ohun tó yẹ kí agbágọ́ọ̀fù mọ̀ kó tó náwó

Ìtàn tí àwọn àgbà Ìgbómìnà máa ń sọ nípa orúkọ wọn dá lórí irinṣẹ́ kan. Wọ́n ní nígbà tí Ọ̀ràngún kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àdá kan tí wọ́n ń pè ní Ògbó ló ń la igbó níwájú rẹ̀, òun náà ló sì ń fi ọ̀nà hàn án títí ó fi dé ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Gbólóhùn náà pé Ògbó mọ ọ̀nà ni wọ́n ní ó di Ìgbómìnà lónìí. Irinṣẹ́ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ rárá lójú àwọn tó ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Títí di òní olónìí, àgbẹ̀ tó ń kọ ebè iṣu ní Òmù-Àrán tàbí ní Ẹ̀sìẹ́ mọ̀ pé ọkọ́ kan kò ju ọkọ́ kan lọ bí kò ṣe ọwọ́ tó dì í mú. Èrúkọ́ tó bá gùn jù fún ẹni tó ni ín yóò mú apá rẹ̀ wúwo. Èyí tó bá kúrú jù yóò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlẹ̀ kí oòrùn tó là. Nítorí náà ni àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń yan igi fúnra rẹ̀, tí yóò sì gbẹ́ ẹ títí yóò fi kún ọwọ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn òyìnbó ń tà ní owó gọbọi nínú eré gọ́ọ̀fù. Ohun tí wọ́n ń pe ọgbọ́n náà ni wíwọn ọ̀pá mọ́ ẹni tó fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ ṣe ń wọn ènìyàn kó tó gé aṣọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan Nàìjíríà

Eré gọ́ọ̀fù kò ṣàjèjì sí ìpínlẹ̀ Kwara, nítorí pé pápá gọ́ọ̀fù wà ní Ìlọrin tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, kò sì tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí Òmù-Àrán. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí eré olówó, kì í ṣe olówó nìkan ló mọ̀ ọ́n gbá. Púpọ̀ nínú àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́ oúnjẹ ní orílẹ̀-èdè yìí ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kádì, ìyẹn àwọn tó ń bá agbágọ́ọ̀fù gbé àpò ọ̀pá kiri pápá. Ọ̀pá tí ọ̀gá ti lò gbó, tàbí èyí tí wọ́n rà ní tòkunbọ̀, ni wọ́n fi kọ́ eré náà.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin gíga kan ní Amẹ́ríkà lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ga tó o. Ọ̀dọ́ náà kò ní mọ̀ pé ọ̀pá kò bá òun mu. Yóò tẹ̀ sẹ́yìn, yóò ká ọwọ́ kò, yóò ṣe gbogbo ohun tó bá gbà kí orí ọ̀pá lè kan bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá ń yà sí òsì lójoojúmọ́, yóò ní ọwọ́ òun ni kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gbọ́ ìtọ́jú àìsàn tí kò ṣe é, nígbà tó sì bá rí ọ̀pá tó bá a mu, àṣà tí kò dára ti wọ̀ ọ́ lára. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, yóò ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Láti ọwọ́ oníṣọ̀nà dé ilé-iṣẹ́ ńlá

Wíwọn ọ̀pá kì í ṣe àṣà tuntun. Ní Scotland, níbi tí eré náà ti gbilẹ̀, ìjọba ti fòfin dè é lọ́dún 1457 nítorí pé ó ń gba àkókò tó yẹ kí àwọn ọkùnrin fi kọ́ ọfà títa. Nígbà tí Ọba James Kẹrin sì fẹ́ gbá a lọ́dún 1502, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe ọfà àti ọrun ní ìlú Perth ló ti ra ọ̀pá rẹ̀. Lọ́dún 1603, ẹni tó ń ṣe ọrun ní Edinburgh, William Mayne, ni ọba yàn láti máa ṣe ọ̀pá gọ́ọ̀fù fún òun. Kò yani lẹ́nu, nítorí pé ẹni tó mọ bí igi ṣe ń rọ̀, tó sì mọ bí a ti ń wọn ọrun mọ́ apá ọdẹ, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, igi ni wọ́n fi ń ṣe ara ọ̀pá. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀pá yóò tọ oníṣọ̀nà lọ, oníṣọ̀nà yóò wò ó, yóò sì gbẹ́ ẹ fún un. Nígbà tí ọ̀pá onírin dé, tí àwọn aláṣẹ eré náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1929, ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀pá wá di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà, ṣùgbọ́n ó di ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ènìyàn.

Ẹni tó dá àṣà wíwọ̀n padà sí ọjà ni Karsten Solheim. Bergen ní orílẹ̀-èdè Norway ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1911, àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tó wà ní kékeré. Oníṣẹ́ bàtà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì ṣe iṣẹ́ bàtà ní Seattle kó tó di ẹnjiníà. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gọ́ọ̀fù. Lọ́dún 1959 ló dá Ping sílẹ̀, orúkọ tó wá láti inú ìró tí ọ̀pá àkọ́kọ́ tó ṣe máa ń dún. Lọ́dún 1972, ilé-iṣẹ́ náà gbé àtẹ aláwọ̀ kan jáde, èyí tó fi ń sọ ọ̀pá tó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí gíga rẹ̀ àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe jìnnà sílẹ̀ tó. Ẹni tó ti ń wọn ẹsẹ̀ kó tó ta bàtà kò lè gbà pé ọ̀pá kan ṣoṣo yẹ gbogbo ayé. Solheim kú lọ́dún 2000, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là ni gbogbo ilé-iṣẹ́ tó kù ń tọ̀.

Ẹ̀yà ara ọ̀pá

Kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé ni, ó yẹ kí á mọ ẹ̀yà ara ọ̀pá. Ibi tí ọwọ́ ń dì ni ìdìmú, rọ́bà ló sì sábà máa ń jẹ́. Ibi gígùn tó tẹ̀ lé e ni ara ọ̀pá, tó lè jẹ́ irin tàbí gráfáítì tó fúyẹ́. Ìsàlẹ̀ ni orí wà, ọrùn ló so orí mọ́ ara. Iwájú orí tó ń kan bọ́ọ̀lù ni ojú. Etí òde ni apá tó jìnnà sí ẹsẹ̀ agbágọ́ọ̀fù, etí inú ni èyí tó sún mọ́ ọn.

Irú ọ̀pá náà kò dọ́gba. Dráífà ló gùn jù, òun ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Àwọn onírin tó ní nọ́ńbà lára ni wọ́n fi ń sún mọ́ ihò. Wẹ́ẹ̀jì ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè láti ibi tí kò jìnnà. Pọ́tà ni wọ́n fi ń tì í sínú ihò.

Ìdìmú: Ibi tí owó kékeré ti ń ṣiṣẹ́ púpọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n wò ni ìdìmú, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Bí ìdìmú bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ọwọ́ yóò máa yí nígbà tí ọ̀pá bá ń bọ̀. Bí ó bá sì nípọn jù, ọrùn ọwọ́ kò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Kí ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá mú bí ó ti máa ń ṣe. Kó wo orí ìka méjì tó wà láàárín. Bí wọ́n bá fẹnu kan àtẹ́lẹwọ́ nídìí àtàǹpàkò wẹ́rẹ́, ìdìmú náà bá a mu. Bí wọ́n bá wọ ẹran àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó kéré jù. Bí àyè bá ṣẹ́kù láàárín wọn, ó tóbi jù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Wọn yóò fi ọ̀bẹ la ìdìmú àtijọ́ kúrò, wọn yóò wé téèpù mọ́ ara ọ̀pá, wọn yóò sì ti ìdìmú tuntun wọ̀ ọ́. Ìwé kọ̀ọ̀kan máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá 64 ínǹṣì kún un. Ẹni tó bá ń fi bẹntiróòlù mú téèpù yọ̀, kó jìnnà sí iná àti sìgá. Ìdìmú tó ti gbó, tó ń dán bí orí ìkòkò, kò yàtọ̀ sí èyí tí kò bá ọwọ́ mu, pàápàá ní ìgbà ooru tí àtẹ́lẹwọ́ ń làágùn.

Gígùn: Kì í ṣe gíga nìkan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni gíga ló nílò ọ̀pá gígùn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kọ́ nìyẹn. Ènìyàn méjì lè ga bákan náà kí apá ọ̀kan gùn ju ti èkejì lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni ẹni tó ń wọ̀n fi máa ń ní kí ènìyàn wọ bàtà, kó dúró ṣánṣán, kó jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi téèpù wọ̀n láti ibi tí ọrùn ọwọ́ ti ká dé ilẹ̀. Wọn yóò fi ìwọ̀n yìí pọ̀ mọ́ gíga, wọn yóò sì wo àtẹ.

Ọ̀pá onírin nọ́ńbà 5 fún ọkùnrin sábà máa ń gùn tó ínǹṣì 38. Àtúnṣe tó pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni kì í sábà ju ínǹṣì kan lọ síwá tàbí sẹ́yìn. Ìdajì ínǹṣì lásán máa ń yí bí orí ṣe wúwo lọ́wọ́ padà, nítorí náà ẹni tó bá gé ọ̀pá lórí ìméfò lè rí i pé kò mọ ibi tí orí rẹ̀ wà mọ́. Ọ̀pá tó bá gùn jù a sì máa mú kí bọ́ọ̀lù kan eteetí dípò àárín ojú.

Láti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń kàn, kò sí ìdí láti ra ẹ̀rọ. Kí wọ́n bu páúdà sí ojú ọ̀pá, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì wo ibi tí páúdà ti kúrò. Bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí àmì ń wà ní ojú kan náà, ọ̀pá náà ti ń sọ̀rọ̀.

Ìjókòó orí: Ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń yà

Nínú gbogbo ìwọ̀n, èyí tó ń ṣi àwọn tó ń lo tòkunbọ̀ lọ́nà jù ni bí orí ọ̀pá ṣe jókòó sílẹ̀. Bí agbágọ́ọ̀fù bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ó yẹ kí ìsàlẹ̀ orí tẹ́ lórí ilẹ̀. Bí etí òde bá gbé sókè, ojú ọ̀pá yóò kọ sí òsì, bọ́ọ̀lù ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún yóò sì máa lọ sí òsì, bí ó tilẹ̀ ju apá dáadáa. Bí etí inú ló bá gbé sókè, bọ́ọ̀lù yóò máa lọ sí ọ̀tún. Bí ojú ọ̀pá bá ṣe tẹ̀ sẹ́yìn tó ni àṣìṣe yìí ṣe ń hàn tó. Ìdí nìyí tí ó fi ń dun ni jù lórí wẹ́ẹ̀jì, níbi tí ènìyàn ti súnmọ́ ihò tó sì yẹ kó gbá a gún.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́kọ́, wọn yóò lẹ téèpù mọ́ ìsàlẹ̀ orí, agbágọ́ọ̀fù yóò gbá bọ́ọ̀lù lórí pátákó líle. Bí téèpù bá há ní àárín, ó dára. Bí ó bá há ní apá etí inú, ọ̀pá náà dúró jù. Bí ó bá há ní apá etí òde, ó dùbúlẹ̀ jù.

Ọ̀nà kejì kò ná ni ju páìrò aláwọ̀ kan lọ. Kí wọ́n fa ilà gbọọrọ kan sára bọ́ọ̀lù, kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí ilà náà dúró ṣánṣán ní apá tí ọ̀pá yóò kàn, kí wọ́n sì gbá a. Ilà yóò yí sí ojú ọ̀pá. Bí ó bá dúró ṣánṣán níbẹ̀, ìjókòó rẹ̀ pé. Bí orí ilà bá tẹ̀ sí etí òde, ọ̀pá dúró jù. Bí ó bá tẹ̀ sí etí inú, ó dùbúlẹ̀ jù. Kí wọ́n tó gba ìdájọ́ náà, kí wọ́n gbá a tó bọ́ọ̀lù márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni títẹ ọrùn ọ̀pá. Ẹ̀rọ kan wà tó ń di orí mú tó sì ń fi ìwọ̀n dígírì hàn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Orí tí wọ́n fi irin rírọ̀ lù jáde máa ń gba títẹ̀ ju èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú àwo, tó lè ṣẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kọjá nǹkan bíi dígírì 2. Alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà tó bá fi iná sí i ti ba nǹkan jẹ́, nítorí pé gọ́ọ̀mù ló so orí mọ́ ara, ooru a sì máa yọ́ gọ́ọ̀mù náà. Orí tó bá yọ lójú eré lè ṣe ènìyàn léṣe.

Ìmọ̀ kan wà níbí tó lè gba ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ lọ́wọ́ òfò. Lára ọ̀pá onírin Ping, àmì roboto aláwọ̀ kan máa ń wà nítòsí ọrùn. Dúdú ni ti agbedeméjì. Búlúù dúró ju dúdú lọ, àwọ̀ ewé sì tún dúró ju búlúù lọ. Pupa dùbúlẹ̀ ju dúdú lọ, àwọ̀ ọsàn sì dùbúlẹ̀ ju pupa. Àmì yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó ń sọ irú ara tí wọ́n ṣe ọ̀pá náà fún. Ẹni kúkurú tó bá ra aláwọ̀ ewé nítorí pé ó dára lójú ti ra ẹ̀wù ẹlòmíràn.

Ara ọ̀pá: Ibi tí ìgbéraga ti ń ná ni lówó

Ara ọ̀pá máa ń rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi í gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí apá rẹ̀ yá nílò èyí tó le, kí orí má baà pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ kò yá nílò èyí tó rọ̀, kó lè ràn án lọ́wọ́ láti gbé bọ́ọ̀lù sókè. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń fi í hàn: L fún obìnrin, A fún àgbàlagbà, R fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, S fún èyí tó le, X fún èyí tó le jù.

Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń tẹ̀ lé ni pé bí orí dráífà bá ń sáré ní máìlì 85 sí 95 láàárín wákàtí kan, R ló yẹ é. Bí ó bá tó 95 sí 105, S ni. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, X. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kan tó so gbogbo ilé-iṣẹ́ pọ̀. R ilé-iṣẹ́ kan lè le bí S ilé-iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́tà kì í ṣe ìwọ̀n, ìlérí ọlọ́jà ni. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì máa ń ra S tàbí X nítorí pé wọn kò fẹ́ kí wọ́n rí R nínú àpò wọn. Bọ́ọ̀lù wọn kì í ga, kì í sì jìnnà, síbẹ̀ wọn kì í dá ìgbéraga lẹ́bi.

Ìwúwo náà wà níbẹ̀. Ara ọ̀pá onírin máa ń wúwo láti nǹkan bíi gíráàmù 90 dé 130, gráfáítì sì sábà máa ń wà láàárín 50 sí 80. Gráfáítì tún máa ń gba ìgbọ̀nrìrì mọ́ra, nítorí náà ni ó fi ń ran ẹni tí ìgúnpá ń dùn lọ́wọ́.

Ojú ọ̀pá àti ilẹ̀ líle

Nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá onírin kì í ṣe ìwọ̀n bí ojú rẹ̀ ṣe tẹ̀ sẹ́yìn tó. Ojú nọ́ńbà 7 àtijọ́ máa ń tẹ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bíi dígírì 34 tàbí 35, ọ̀pọ̀ ti òde òní kò sì ju 30 lọ. Ẹni tó bá kó ọ̀pá láti inú àpò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ lè ní ọ̀pá méjì tó ń gbé bọ́ọ̀lù dé ibì kan náà, kó sì ní àlàfo ńlá láàárín àwọn yòókù. Kí wọ́n wọn ojú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi nǹkan bíi dígírì 4 sí àárín wọn.

Ìsàlẹ̀ wẹ́ẹ̀jì tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó máa ń yọ gẹ̀gẹ̀ díẹ̀, kí ó má baà wọ ilẹ̀ lọ. Lórí koríko tútù àti yanrìn jíjìn, èyí tó yọ tó dígírì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dára. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ ilẹ̀ pupa àárín gbùngbùn Nàìjíríà títí yóò fi le bí àpáta, irú rẹ̀ yóò ta sókè, yóò sì gbá bọ́ọ̀lù ní ikùn. Èyí tí kò yọ ju dígírì 4 sí 6 lọ ló bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ pápá ní orílẹ̀-èdè yìí tún wà tó jẹ́ pé yanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo ló yí ihò ká dípò koríko. Ìmọ̀ràn tí àwọn ará Yúróòpù kọ fún pápá tútù wọn kò bá a mu. Ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbá lórí rẹ̀ jẹ́ ara ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí ojú kò rí

Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń wọn ọ̀pá lónìí, ẹ̀rọ rédà tàbí kámẹ́rà ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan tó lórúkọ jù ni ti ilé-iṣẹ́ Trackman ní orílẹ̀-èdè Denmark, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń sọ bí orí ọ̀pá ṣe yára tó, bí bọ́ọ̀lù ṣe yára tó, ibi tó gbà gbéra, iye ìgbà tó ń yí, àti ibi tó bọ́ sí. Láti ọdún 2008 ni òfin ti gba ọ̀pọ̀ àtúnṣe láyè lára orí dráífà, nítorí náà ẹni tó ń wọ̀n lè fi kọ́kọ́rọ́ kékeré tú orí kan kúrò lára ọ̀pá kan, kó fi dé òmíràn láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì fi wọ́n wéra.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn máa wò níbẹ̀ kì í ṣe bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó jìnnà jù. Kó wo bí bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ṣe súnmọ́ ara wọn tó. Ọ̀pá tó gbé ọ̀kan jìnnà tó sì fọ́n mẹ́sàn-án sínú igbó kò tíì bá ẹni mu. Kó má sì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ yóò wọn àárẹ̀ rẹ̀ ni.

Ọmọdé, obìnrin àti ọlọ́wọ́ òsì

Bí ọwọ́ ọmọdé kò ti tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí òbí gé ọ̀pá àgbàlagbà kúrú fún ọmọ. Kò dára. Bí wọ́n bá gé ara ọ̀pá, ńṣe ló ń le sí i, orí náà sì wúwo bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bákan náà ni ríra ọ̀pá ńlá kí ọmọ lè dàgbà bá a, bí àwọn òbí ṣe ń rán aṣọ ilé-ìwé. Aṣọ ńlá kò ní yí egungun ọmọ padà, ṣùgbọ́n ọ̀pá ńlá yóò yí bí ó ṣe ń ju apá padà. Ó sàn kó ní ọ̀pá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fúyẹ́ ju àpò tó kún fún èyí tó ń fà á lulẹ̀ lọ.

Fún obìnrin, lẹ́tà L kì í ṣe àṣẹ. Obìnrin tó lágbára lè nílò R, gẹ́gẹ́ bí bàbá àgbà ṣe lè nílò A. Ọlọ́wọ́ òsì ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé ọ̀pá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló kún ọjà. Ẹni tí wọ́n bá fipá mú lo ọ̀tún nítorí àìrí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdíwọ́ tí kò sí ìwọ̀n kankan tó lè mú un kúrò.

Ohun tí òfin wí

Àwọn àjọ méjì tó ń darí eré náà lágbàáyé, R&A ní Scotland àti USGA ní Amẹ́ríkà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ju ọ̀pá 14 lọ wọ inú ìdíje. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ òfin yìí lọ́dún 1938, R&A sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1939. Ọ̀pá kankan kò gbọdọ̀ kúrú ju ínǹṣì 18 lọ, bí kò bá sì í ṣe pọ́tà, kò gbọdọ̀ gùn ju 48 lọ. Láti ọdún 2022, àwọn tó ń ṣètò ìdíje àwọn ògbóǹtarìgì lè dín in kù sí 46. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ yí bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ padà nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́.

Bí ó ṣe yẹ kí a náwó

Wíwọn ọ̀pá kì í sọ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá di ọ̀gá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí, tí bí ó ṣe ń ju apá lónìí yàtọ̀ sí ti àná, kò tíì ní ohun tí wọ́n lè wọ̀n dáadáa ju ìdìmú àti gígùn lọ. Kó wá olùkọ́ ná. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gbá a fún ọdún kan tàbí méjì, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ń yà sí ibì kan náà nígbà gbogbo, kó yẹ ọ̀pá wò kó tó dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ìlànà tó dín owó kù ni kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀ ìdìmú, nítorí pé kò wọ́n. Lẹ́yìn náà, kó fi páúdà àti ilà yẹ gígùn àti ìjókòó orí wò, kí wọ́n sì tẹ ohun tó bá yẹ ní títẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kó tó ronú kan ara ọ̀pá tuntun. Dráífà tuntun tí wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n ló yẹ kó gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rà.

Bí ọ̀gá kan bá sì fẹ́ fún kádì rẹ̀ ní ọ̀pá tó ti lò, kí ó fi ìdìmú tuntun àti wíwọ̀n ìjókòó orí kún ẹ̀bùn náà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n fi ra ọ̀pá, ọmọ tó sì gbà á kò ní fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀yìn fún irin tí wọ́n ṣe fún ẹlòmíràn.